Ta Ni Kí N Kọ́kọ́ Lọ Wò?

Aago méjì òru ní Wínípẹ́gì.
Yìnyín ń bọ́ bí òwú tó já lọ́wọ́ arànwú.
Ìwé ìdánwò wà lórí tábìlì ilé ìdáná,
ó wúwo bí ọmọ oṣù mẹ́ta.
Mo mọ ìwúwo ọmọ oṣù mẹ́ta:
ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbẹ̀bí ní Iléṣà,
ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí mi kò mọ̀wẹ̀,
ó kù sẹ́yìn òkun.

Dùnmínínú kọ ìbéèrè sórí páálí pélébé
kó tó lọ sùn. Mo ṣí ọ̀kan:
*Yàrá mélòó ni ọkàn ní?*
Mẹ́rin. Méjì lókè, méjì nísàlẹ̀,
bí ilé tí bàbá mi kọ́ tí kò kùn.
Ẹ̀jẹ̀ tó ti rẹ̀ á gba ọ̀tún wọlé,
á lọ gba atẹ́gùn lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀fóró,
á gba òsì jáde pẹ̀lú ojú tuntun.
Wọn ò béèrè yàrá karùn-ún,
èyí tí ìyá mi ń gbé,
tó ń fi ń pè lálaalẹ́ Àìkú pé,
"Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o wọ funfun?"

Òmíràn: *Potásíọ́mù.*
Tó bá pọ̀, ọkàn á kọsẹ̀.
Tó bá kéré, ọkàn á kọsẹ̀.
Irú ọbẹ̀ wo lèyí, tí iyọ̀ rẹ̀ kò gba ìtọ́wò?
A kì í tì í sínú iṣan lójijì, láéláé.
Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ *láéláé*.
Ínsúlínì méjì nínú abẹ́rẹ́ kan:
èyí tó mọ́ gaara ni kí o kọ́kọ́ fà,
kó tó kan èyí tó rí bí omi ògì.

Èyí tó ń dá mi lóró nìyí:
*Aláìsàn mẹ́rin ń dúró. Ta ni kí o kọ́kọ́ lọ wò?*
Ọ̀kan ń ké. Ọ̀kan ń bú ọ. Ọ̀kan ń bì.
Ọ̀kan dákẹ́, ètè rẹ̀ dà bí ohun tí a rẹ sínú aró.
Ní Iléṣà, gbogbo wọn ni mo máa ń wò papọ̀,
ọwọ́ níbí, ohùn lọ́hùn-ún,
ẹsẹ̀ ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn.
Ìwé ní: yan ẹyọ kan.
Ọ̀nà ọ̀fun ṣáájú, èémí tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ ló kàn.
Ẹni tó ń ké ṣì ní èémí tó fi ń ké.
Mo gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé àwọn arúgbó,
níbi tí káàdì àyà mi ti ń pè mí ní Olùrànlọ́wọ́,
òógùn bo Ọ̀gbẹ́ni Kowalchuk bí ẹni tó roko tán,
nínú òtútù yẹn.
Ó ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè mí.
Ọwọ́ mi mọ̀. Ṣúgà rẹ̀ ti já wálẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ní ìwé àṣẹ,
aago ni mo lè tẹ̀.
Mo tẹ aago. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Bríánà sáré dé, nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.
Mo ní, "Jọ̀ọ́, ṣúgà rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò."
Ó gún ọmọ ìka rẹ̀: méjì ó lé díẹ̀.
Nígbà tí bàbá padà mọ orúkọ ara rẹ̀,
Bríánà wò mí. "Báwo lo ṣe mọ̀?"
Mo ní mo kà á nínú ìwé ni.
Irọ́ ni. Tàbí òótọ́. Mi ò mọ èwo mọ́.

Tíì mi ti tutù. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù.
Páálí tó kẹ́yìn, lẹ́tà rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ:
*Nọ́ọ̀sì kan kò tíì sùn láti àná.
Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe?
A. Kó mu omi.
B. Kó ka ojú ìwé kan sí i.
D. Kó lọ sùn, Mọ́mì.*
Ó fo C, bí mo ṣe kọ́ ọ: a, b, d.

Mo mọ ìdáhùn.
Mo ṣí ojú ìwé kíndìnrín.